Gígé ni, kì í ṣe fífi kún: ìrírí mi nídìí fífi ẹ̀rọ dán ọ̀dà mọ́tò nílé

Gígé ni iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbèrò láti ra ẹ̀rọ pólíìṣì ló rò pé ẹ̀rọ náà ń fi nǹkan kún ọ̀dà mọ́tò, pé kọ́ńpáàǹdì, ìyẹn ìpara tó ní eérún wẹ́wẹ́ tó ń gé, tó wà lójú páàdì, fóòmù tàbí aṣọ róbótó tí ẹ̀rọ ń yí, ń wọ inú ìlà tó ha, tó sì ń dí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í dí ìlà bí ìgbà tí ènìyàn ń dí kòtò ojú títì; ilẹ̀ tó yí kòtò náà ká ni à ń gé wálẹ̀ títí yóò fi bá ìsàlẹ̀ kòtò dọ́gba. Ohun tí a bá sì gé kúrò kì í padà wá.

Kí wá ni à ń gé? Lára mọ́tò òde òní, irin ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lórí irin ni ọ̀dà kan wà tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún, tó jẹ́ pé iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú un lẹ̀ mọ́ irin nílé iṣẹ́. Práímà tẹ̀ lé e, béèsì tó gbé àwọ̀ wà lórí práímà, kílíà tí kò ní àwọ̀ rárá ló wá bo gbogbo wọn. Láti àwọn ọdún 1980 ni ètò béèsì àti kílíà yìí ti gbilẹ̀. Lórí mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún kùn, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 180 máíkírọ́ọ̀nù. Kílíà nìkan máa ń tó 35 sí 50. Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan, nítorí náà kílíà tó nípọn tó 50 kò ju ìdá kan nínú ogún mìlímítà lọ. Inú ìwọ̀nba yẹn ni gbogbo dídán tí à ń wá wà. Ibẹ̀ náà ni ààbò tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn ba àwọ̀ jẹ́ wà. Ẹni tó bá gé e tín-ínrín jù yóò rí i, tó bá pẹ́ díẹ̀, pé ojú rẹ̀ ń funfun, ó sì ń bó. Kò sí kọ́ńpáàǹdì tàbí wáàsì tó lè tún un ṣe mọ́. Kíkùn ló kù.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pẹ́ nídìí wíwò ju ìdí ẹ̀rọ lọ. Lábẹ́ òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ ti tàn káàkiri, tàbí nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú, mọ́tò dúdú tó ti ha yánnayànna lè dà bíi tuntun. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ojú kan ṣoṣo wá ló ń tú àṣírí ọ̀dà. Tọ́ọ̀ṣì LED tó mọ́lẹ̀ dáadáa tó o, oòrùn ọ̀sán náà sì tó. Ẹ tàn án sórí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ óò rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yí ìmọ́lẹ̀ ká róbótó. Àwọn kan á ní ọwọ́ ẹni tó fọ̀ ọ́ ló ń yí po nígbà tó ń fọ̀ ọ́. Ìlà náà kò yí po rárá. Wọ́n wà níbi gbogbo, wọ́n sì kọjú síbi gbogbo, àmọ́ èyí tó bá dábùú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sójú wa. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì síbòmíràn, òbírí náà á bá a lọ. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ tí èyí yé mi, nítorí ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ibi tí tọ́ọ̀ṣì wà nìkan kọ́ ló ha. Bí mo bá fẹ́ mọ bí páńẹ́ẹ̀lì kan ṣe rí, mo ní láti gbé ìmọ́lẹ̀ káàkiri rẹ̀, kí n tẹ̀ ba, kí n sì tún dúró.

Wíwò yìí náà ló ń sọ ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Ẹ fi èékánná gba orí ìlà náà kọjá pẹ̀lẹ́. Bí èékánná bá há sí i, ìlà náà ti jìn jù, ẹni tó bá fẹ́ kó pa rẹ́ pátápátá yóò gé kílíà tán kó tó dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó pẹ́ lórí ọ̀dà lábẹ́ oòrùn máa ń fi ojú àpá sílẹ̀: nígbà mìíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jìn, nígbà mìíràn ó ti wọnú lọ. Ibi tí kílíà bá ti ń ṣí bí èèpo, ẹ má gbé ẹ̀rọ débẹ̀ rárá, ńṣe ni yóò máa fà á ya síwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ra mọ́tò tí ẹlòmíràn ti lò, ó sì ní kí n bá òun tún ojú rẹ̀ ṣe. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná." Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ wọ̀n lára ọ̀dà. Mo mú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn, mo sì ń gbé e lé páńẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bónẹ́ẹ̀tì, òrùlé àti fẹ́ńdà ń sọ nǹkan bí 110 sí 130. Nígbà tí mo dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì, nọ́ńbà fò kọjá 300. Wọ́n ti tún ilẹ̀kùn yẹn kùn rí, ẹni tó tà á fún un kò sì sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣebí ibẹ̀ ló nípọn jù, ibẹ̀ ni kí o gé dáadáa." Ọ̀rọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀dà tó wà lórí irin ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n pa pọ̀, kò lè ya kílíà sọ́tọ̀. Ó lè jẹ́ pé práímà àti ọ̀dà àtijọ́ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí kílíà tí wọ́n fọ́n lé e lórí má tó nǹkan kan. Ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà tó ga jù lọ ni mo fi ọwọ́ tó fẹ́lẹ́ jù lọ mú. Ibi tí nọ́ńbà bá sì ti lọ sílẹ̀ gan-an ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, ẹnì kan ti gé e rí nìyẹn. Ibẹ̀ náà kì í ṣe ibi tí à ń ṣe akin. Bọ́ńpà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí kì í sọ nǹkan kan lórí ike, orí irin àti aluminium nìkan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ojú àti ọwọ́ nìkan la ní níbẹ̀.

Fífọ̀ kò le púpọ̀, àmọ́ ẹ má fò ó. Ẹ fọ mọ́tò náà dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ fọ́n oògùn tó ń yọ eérún irin sí i. Bíréèkì ló ń ta eérún yìí, ó máa ń gbóná wọnú ọ̀dà, oògùn náà á sì sọ ọ́ di àwọ̀ elésè àlùkò bó ṣe ń yọ́ ọ. Ohun tó bá kù, bí ọ̀dà títì tàbí ọ̀dà tí ẹlòmíràn fọ́n tó fẹ́ lé mọ́tò yín, amọ̀ ìfọkọ̀ ló ń fà á jáde, pẹ̀lú omi ọṣẹ tó ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ sínú ọ̀rá tín-ínrín, kí ẹ fi pa ojú ọ̀dà: bó bá ṣì ń họ́ni lọ́wọ́, iṣẹ́ amọ̀ kò tíì tán. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù sórí ọ̀dà ni páàdì yóò gbé, tí yóò sì fi ha gbogbo ibi tó bá dé.

Irú ẹ̀rọ méjì ló gbajúmọ̀. Rótárì ń yí lójú kan láìyẹ̀. Ó ń gé kíákíá, ooru rẹ̀ sì ń kó jọ síbì kan. Bí ọwọ́ kò bá já fáfá, ó máa ń fi àwọn òjìji gígùn sílẹ̀ tó ń rìn lórí ọ̀dà nígbà tí oòrùn bá là. DA (dual action, ìyẹn ẹ̀rọ oníṣẹ́ méjì) ní tirẹ̀ ń yí, ó tún ń jù síwájú sẹ́yìn ní òbírí kékeré, tó bẹ́ẹ̀ tí eérún kan kì í tọ ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Fún ẹni tó ń ṣe é nílé, DA ni mo gbà níyànjú, n kò sì ní yí ọ̀rọ̀ mi padà. Kì í ṣe pé kò lè ba ọ̀dà jẹ́ o, àmọ́ ó ń fún ènìyàn láyè láti rí i pé nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́. Bí òbírí rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó yàtọ̀ síra: mìlímítà 8, 15 àti 21 ló wọ́pọ̀. 21 dára lórí bónẹ́ẹ̀tì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí ibi tó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, páàdì rẹ̀ máa ń kọ̀ láti yí. 15 ni mo ń lò fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi.

Ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ tí páàdì lẹ̀ mọ́. Ìlà yẹn ni olùkọ́ tó dára jù lọ tí mo ní. Nígbà tó bá ń yí, ẹ óò rí i tó ń kọjá. Bí ẹ bá ti tẹ ẹ̀rọ jù, tàbí tí ẹ gbé e dẹ̀gbẹ́, ìlà náà á dúró: ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, ariwo rẹ̀ kò ní yí padà, ṣùgbọ́n kò gé nǹkan kan mọ́. Mo ti rí ẹni tó fi gbogbo agbára lé ẹ̀rọ tí òógùn bò ó, tó ń bínú pé kọ́ńpáàǹdì kò dára, nígbà tó jẹ́ pé páàdì kò yí rárá.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ibi àdánwò, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà ní tèmi. Kí ẹ tó fọwọ́ kan òdidi mọ́tò, ẹ yan ibì kan tó fẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 lórí bónẹ́ẹ̀tì tàbí búùtù, ẹ fi téèpù sàmì sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọ̀ jù lọ nínú ohun tí ẹ ní: páàdì fóòmù tó rọ̀ àti pólíìṣì tó kúnná. Ẹ ṣe é tán, ẹ nù ún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Bí ìlà bá ti lọ, ẹ ti rí oògùn gbogbo mọ́tò nìyẹn, kò sí ìdí láti gbé ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá lọ, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ páàdì sí èyí tó le díẹ̀, kí pólíìṣì ṣì jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ́yìn náà nìkan ni kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́ńpáàǹdì, tó ń gé ju pólíìṣì lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ páàdì, nítorí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Fóòmù olómi ọsàn ti ilé iṣẹ́ kan lè le, kí ti òmíràn rọ̀ bí òwú.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí sábà máa ń sọ pé kílíà mọ́tò Japan rọ̀, pé ti Jámánì le. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ dé àyè kan, àmọ́ ọwọ́ mi ti ba èyí tó yàtọ̀, ní ìhà méjèèjì. Mọ́tò tó ti tún kùn kò ní í ṣe pẹ̀lú orílẹ̀-èdè kankan mọ́. Ibi àdánwò ni kí ẹ gbà gbọ́. Ohun kan tún wà tó ń fi hàn: ẹ wo ojú páàdì. Mọ́tò àtijọ́ tí kò ní kílíà máa ń ta àwọ̀ sí páàdì, ìyẹn kò burú, bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ bí mọ́tò tó yẹ kó ní kílíà bá ta àwọ̀ sí páàdì yín, ẹ pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, ìkánjú ló ń bà á jẹ́ jù. Páńẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ tutù, kó má sí nínú oòrùn. Ẹ kọ́kọ́ fi pólíìṣì pa gbogbo ojú páàdì tuntun, lẹ́yìn náà ẹ̀kán mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún ibì kan. Ẹ fi ìyára tó kéré tẹ́ ẹ, kí ẹ tó gbé e sókè sí bíi 4 tàbí 5 lórí ẹ̀rọ tó ní nọ́ńbà 1 dé 6. Ẹ máa wọ́ ẹ̀rọ lọ sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ojú ọ̀nà kejì gun ìdajì ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba ìbú lẹ́yìn òró. Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbìyànjú ìyára yìí, á máa ṣe é bíi pé ó ti lọ́ra jù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Lẹ́yìn ibì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn páàdì. Kílíà tí ẹ gé àti pólíìṣì tó ti kú ń kó jọ sínú rẹ̀, wọn a dì, wọn a sì máa fi ìlà tuntun sílẹ̀. Ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà náà. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú, bó bá ti ń jó ni lọ́wọ́, ẹ dúró. Orí bọ́ńpà ni mo ti ń ṣọ́ra jù, torí ike kì í gbé ooru lọ bí irin ṣe ń gbé e, ọ̀dà orí rẹ̀ máa ń gbóná kíá. Etí ilẹ̀kùn àti àwọn ibi tí irin ti ṣẹ́ lára mọ́tò náà ń bà mí lẹ́rù: ọ̀dà tútù máa ń ṣàn kúrò ní etí, tí yóò fi tín-ínrín síbẹ̀, agbára páàdì sì máa ń kó jọ síbẹ̀ gan-an. Ẹ lẹ téèpù oníwèé mọ́ wọn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike dúdú àti rọ́bà ojú fèrèsé pẹ̀lú, nítorí funfun kọ́ńpáàǹdì tó bá gbẹ sínú wọn kì í fẹ́ jáde.

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan ní mọ́tò dúdú tó rọ̀ lọ́dà. A ti yọ ìlà inú rẹ̀ pẹ̀lú páàdì microfiber (aṣọ onífọ́nrán wẹ́wẹ́ tó ń gé ju fóòmù lọ), tọ́ọ̀ṣì kò rí nǹkan kan mọ́, àmọ́ dúdú náà kò jinlẹ̀, ó ṣe bàìbàì. Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa wà nìyí?" Ohun tó gé ìlà ńlá ló fi ìlà tó kéré ju ohun tí ojú lè yà sọ́tọ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn pa pọ̀ ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. A gbé fóòmù tó rọ̀ jù lọ àti pólíìṣì ìparí, a dín ìyára kù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìwúwo ẹ̀rọ nìkan ló wà lórí rẹ̀. Dúdú náà padà, ó ń dán gbinrin, a rí ojú wa nínú rẹ̀ títí dé irun ìpéǹpéjú. Lórí àwọ̀ funfun tàbí fàdákà, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ìpele yìí kù. Lórí dúdú, ìpele yìí ni iṣẹ́ náà.

Kí ẹ tó gba ohun tí ojú yín rí gbọ́, ẹ fi isopropyl alcohol, ọtí ìnu-nǹkan tó ń yọ òróró, tí ẹ fi omi là dáadáa nu ibẹ̀. Òróró wà nínú ọ̀pọ̀ pólíìṣì, ó máa ń bo ìlà mọ́lẹ̀, ìlà á sì tún yọjú lẹ́yìn fífọ̀ díẹ̀. Ẹ fọ́n ọn kó pọ̀, kí aṣọ tí ẹ ó fi nù ún mọ́ kó sì rọ̀, torí ọ̀dà tó rọ̀ lè ha lábẹ́ aṣọ ìnùkọ̀ lásán.

Ìgbà wo ni kí a dúró? Lára mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi, kọ́kọ́rọ́ ti fa ìlà kan gba ilẹ̀kùn awakọ̀ kọjá, èékánná sì há nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé n kò ní lé e dópin. Pólíìṣì díẹ̀ máa ń yí etí ìlà tó jìn sí róbótó, kò ní máa ta ìmọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹni tó bá dúró níwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì kò ní rí i. Ìyẹn ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan parẹ́ lára mọ́tò tó ń gbé jáde lójoojúmọ́ ń fi ọ̀dà tí yóò nílò lọ́dún mélòó kan sí i ṣòfò. Mo fẹ́ràn ọ̀dà tó ṣì nípọn tó ní ìlà díẹ̀ ju ọ̀dà tí kò ní àbùkù tí kò sì ní ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀dà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dán wà ní ìhòhò, ó nílò ohun tí yóò bò ó. Wáàsì kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ceramic, ìyẹn ohun olómi tó ń gbẹ di ìbòrí líle lórí ọ̀dà, tí a bá fi sí i dáadáa lè lo ọdún. Kò sí èyí nínú wọn tó lè gba ọ̀dà lọ́wọ́ òkúta tàbí lọ́wọ́ aṣọ tó ní iyanrìn. Nítorí náà fífọ̀ ni mo ń bá àwọn ará ilé mi sọ jù báyìí. Kí wọ́n fi omi ṣan ẹrẹ̀ dànù kí ọwọ́ tó kàn án. Korobá méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún fífi omi ṣan ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀. Láti òrùlé wá sísàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ló dọ̀tí jù. Kí wọ́n má nu eruku gbígbẹ rárá, ì báà jẹ́ ìka kan péré. Àbúrò mi obìnrin ló sì kọ́kọ́ mú òfin aṣọ: èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀, ó kúrò nínú aṣọ ọ̀dà nìyẹn, ó ti di aṣọ táyà.